Ṣé ká tan "selling" lórí ìnfátà, àbí ká fi iná sólà ṣáàjì bátìrì? (Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè)

ỌmọArówómọlé
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé wa. Ìnfátà la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílé bàbá wa ní Arówómọlé, 5kW ni, háíbríìdì (tó ń lo sólà, bátìrì àti NEPA pa pọ̀), bátìrì lítíọ́mù kan 51.2V 100Ah, pánẹ́ẹ̀lì 550 wọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló wà lórí páànù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ohun tó wà ńlẹ̀ ni pé bọ̀dá tó bá wa ṣe é ní "selling" wà nínú ẹ̀, pé tóun bá ti tàn án, iná tó bá ṣẹ́kù lọ́sàn-án á máa padà sọ́dọ̀ NEPA, yúnìtì á sì máa wọlé fún wa lórí mítà. Inú Bàbá ti dùn, wọ́n ní kó tàn án kíá. Èmi ní ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi àwọn tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Prepaid là ń lò. Ẹ jọ̀ọ́ sẹ́tìn wo lẹ̀yin fi tiyín sí?

BàbáSólàTákìé
Àbúrò, bẹ Bàbá kí wọ́n fara balẹ̀ o, má jẹ́ kó tàn án.

Mítà ayé àtijọ́ tó ní àwo irin tó ń yí nínú, ìyẹn lè yí padà sẹ́yìn tí iná bá ń tinú ilé jáde, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ yẹn ti ṣẹ̀ wá. Prepaid ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò bìkítà bóyá iná ń wọlé ni àbí ó ń jáde, ó ṣáà rí i pé iná ń gba ara òun kọjá, á sì máa gé yúnìtì lọ ní tiẹ̀, ìyẹn ni pé wàá fún wọn níná tán wàá tún sanwó lé e. Òmíràn á rò pé ẹ ti fọwọ́ kan mítà, á gé iná ilé yẹn pátápátá, ẹ̀yin lẹ máa wá máa lọ ṣàlàyé lọ́fíìsì wọn. Kéèyàn tó ta iná, ó gbọ́dọ̀ ní mítà tó ń ka wíwọlé lọ́tọ̀, tó ń ka jíjáde lọ́tọ̀, kó sì ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, lọ́dọ̀ wa níbí IBEDC nìyẹn. Tí méjèèjì ò bá sí, iná ọ̀fẹ́ lò ń pín.

AdéMàńṣẹ́sítà
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ni mí, ìlú ọba ni mò ń gbé, mò ń ta iná lórílé mi níbí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí ná. Bí ìnfátà rẹ ò bá ju 16A lọ lórí fésì kan, ìyẹn bíi 3.68kW, o lè tàn án kó o sì fi tó ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò létí lẹ́yìn ẹ̀, G98 ni wọ́n ń pe òfin yẹn. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, G99 nìyẹn, o gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ wọn kó o tó tan ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn ni mítà smart, tó ń kà á ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Láti January 2020 ni òfin ti wà pé kí àwọn ilé iṣẹ́ iná ńlá máa sanwó fún iná téèyàn bá tì síta, kálukú wọn ló ń dá iye tiẹ̀, o lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá san dáadáa.

Wàyí o, wọ́n tún máa ń ta iná òru ní pọ́ọ́kú, nítorí ẹ̀ làwa ṣe ń fi iná òru ṣáàjì bátìrì, ká wá lò ó nírọ̀lẹ́ tí owó iná bá gòkè. Owó ló ń sọ bátìrì fún wa ohun tó máa ṣe. Lọ́dọ̀ yín àìsíná ló ń sọ fún un. Nítorí náà ẹ má wo fídíò YouTube àwọn èèyàn ibí kẹ́ ẹ wá kó sẹ́tìn wọn síle bàbá yín o.

ÌyáYìnyínUnderG
Èmi ò ta iná fún NEPA, yìnyín ni mò ń tà 😄 Ẹ̀yin ọmọ, tóòrùn bá ti mú tí bátìrì kún, fíríísà mi méjèèjì ni mo máa ń tàn sí gíga jùlọ, láàrin aago mọ́kànlá sí mẹ́rin, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo ti pa wọ́n, yìnyín ti gan, mi ò ní ṣí i rárá títí di àárọ̀. Àwọn ọmọ LAUTECH á rà á tán. Ta ni NEPA tó máa san irú owó yẹn fún mi?

ỌmọArówómọlé
😂😂 Mà, ẹ ṣeun gan-an. Ó dáa, a ò tà mọ́. Ṣùgbọ́n tá ò bá tà, iná tó ṣẹ́kù yẹn ńkọ́, ibo ló ń lọ? Ṣé kì í ba pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ ni?

BàbáSólàTákìé
Kò lọ síbì kankan. Ìnfátà á kàn fà díẹ̀ nínú ohun tí pánẹ́ẹ̀lì lè mú wá, ìyókù á kú sórí páànù, kò pa pánẹ́ẹ̀lì lára rárá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Sẹ́tìn tí mò ń lò nìyí. Kọ́kọ́ lọ wo bóyá tiyín lè tì í síta lóòótọ́, torí púpọ̀ nínú ìnfátà tó wà lọ́jà wa ni kò lè ta iná bó ti wù kó rí, bó o bá rí SBU, SUB, SNU nínú mẹ́nù ẹ̀, irú ìyẹn sábà máa ń jẹ́ èyí tí kì í tì í síta, fi sí SBU (sólà kọ́kọ́, bátìrì tẹ̀ lé e, NEPA kẹ́yìn) kó o máa bá tìẹ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé "Selling First", "Zero Export to Load" àti "Zero Export to CT" lo rí, tóò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Zero Export to Load, ohun tó bá so mọ́ ẹnu LOAD ìnfátà nìkan ló máa gbé. Zero Export to CT, ó máa gbé gbogbo ilé, títí kan àwọn tó so mọ́ NEPA tààrà bíi áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi, kò sì ní jẹ́ kó kọjá mítà. CT yẹn ni òrùka kékeré dúdú tó máa ń gbá wáyà mú, wáyà gbígbóná (live) tó ti mítà wá lẹ máa fi há, kó tó dé DB (àpótí brékà ilé). Ọfà wà lára ẹ̀. Ẹ ka ìwé ìnfátà yín kẹ́ ẹ tó há a, torí ilé iṣẹ́ kan ní kọ́fà kọjú sí ìnfátà, òmíràn ní kó kọjú sí NEPA.

Ìdánwò ẹ̀ nìyí, ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o: ẹ dúró dìgbà tílẹ̀ ṣú, kí NEPA wà, ẹ pa brékà pánẹ́ẹ̀lì àti ti bátìrì, ẹ wá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí lábẹ́ ìnfátà. Ẹ wo ojú ìnfátà níbi tí wọ́n kọ Grid sí. Áyọ́ọ̀nù 1000 wọ́ọ̀tì, ó yẹ kó fi bí 1000 hàn. Tó bá fi -1000 hàn, CT ti kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí, ẹ yí i padà. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìnfátà á gbà pé òun ń ti iná síta nígbà tó jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń fà á wọlé, gbogbo ìṣirò ẹ̀ á wá dojú rú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Zero-export Power" sí, ẹ fi sí 50 sí 100 wọ́ọ̀tì. Ó túmọ̀ sí pé ẹ óò máa fa ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́dọ̀ NEPA nígbà gbogbo, torí tí nǹkan ńlá bá kú lójijì, bí ẹ̀rọ omi, ìnfátà ò lè rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, díẹ̀ á yọ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. 50 wọ́ọ̀tì yẹn ló máa gbà á.

AláájìBrékà
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ re. Èmi oníná ni mí, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra sí ni jẹnẹrétọ̀. Ilé wa tó pọ̀ ló jẹ́ pé changeover kan náà ló ń gbé NEPA tó tún ń gbé jẹ́ẹ̀nì wá sẹ́nu ìnfátà. Tí selling bá wà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ wá tan jẹ́ẹ̀nì lọ́sàn-án, ìnfátà ò mọ̀ pé jẹ́ẹ̀nì ni, á rò pé NEPA ni, á máa ti iná sólà padà sínú jẹ́ẹ̀nì, á sì bà á jẹ́. Ẹ so jẹ́ẹ̀nì mọ́ ẹnu GEN tó bá ní in. Tí kò bá ní, ẹ jẹ́ kí jẹ́ẹ̀nì máa gbé ilé ní tiẹ̀, kó má kan ìnfátà rárá.

Ẹ má sì lo brékà AC (ti iná NEPA) fún wáyà tó ti pánẹ́ẹ̀lì bọ̀ o, DC ni iná tiẹ̀!! Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tẹ́ ẹ so tẹ̀ léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50V láìlẹ́rù, ó ti di bí 400V DC. Iná AC ń kú kó tó jí lẹ́ẹ̀mejì nínú gbogbo yíyí ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí brékà ẹ̀ rọrùn, DC kì í sinmi, tẹ́ ẹ bá fi brékà AC gé e, iná á máa jó láàrin ẹnu irin méjèèjì títí tí ike ẹ̀ á fi yọ́. Mo ti tú irú ẹ̀ sílẹ̀ rí nílé oníbàárà kan tó ti rà á tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, inú brékà ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

TíṣàỌ̀yọ́
Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí bátìrì torí ìyẹn gan-an ni owó wà. Ọ̀yọ́ ni mo wà, nítòsí Akẹ̀sán, tiwa ti ń ṣiṣẹ́ ó ti pẹ́.

ỌmọArówómọlé, dákun lọ wo ara bátìrì yẹn kó o tó ṣe ohunkóhun, ṣé 51.2V ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́ àbí 48V. Àwọn tó ń tà á máa ń pe méjèèjì ní 48, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. 51.2V, sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ẹ̀, 3.2V lọ́nà mẹ́rìndínlógún. Èyí tí wọ́n kọ 48V sí lára, tó bá jẹ́ LiFePO4 (irú lítíọ́mù tá à ń lò fún sólà), mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Tó o bá fi fóltéèjì ṣáàjì ti àkọ́kọ́ sórí ìkejì, ojoojúmọ́ lò ń fún un lóúnjẹ kọjá yíyó, BMS inú ẹ̀ (ohun tó ń ṣọ́ bátìrì) á máa já a kúrò, ìwọ á rò pé ìnfátà ló ní ìṣòro.

Wáyà kékeré tó ń jẹ́ kí bátìrì àti ìnfátà máa sọ̀rọ̀, CAN tàbí RS485, ẹ fi sí i tó bá ṣeé ṣe, kí bátìrì fúnra ẹ̀ máa sọ ohun tó fẹ́ gbà. Tí wọn ò bá gbọ́ ara wọn, ẹ fi ọwọ́ sẹ́tìn ẹ̀. Fún 51.2V 100Ah, èmi fi ṣáàjì sí 56.0V, float (ibi tó máa dúró sí tó bá ti kún) 54.0V, ibi tó máa pa ara ẹ̀ sí 48.0V, ibi tó máa padà sórí NEPA sí 51.0V. Amps ṣáàjì má jẹ́ kó ju 50 lọ. Ìwé bátìrì tiyín lẹ máa tẹ̀ lé tó bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí o.

Mo tún rí nǹkan kan nínú ohun tó o kọ. Ìnfátà 5kW, bátìrì 100Ah kan. 5000 wọ́ọ̀tì tó o bá pín in sí 51, ó ń lọ sí bí 100A, kí ìnfátà tó jẹ tiẹ̀ níbẹ̀. BMS bátìrì 100Ah, púpọ̀ nínú wọn, 100A ló parí sí, wọ́n sì fẹ́ kó o máa lo 50A fún iṣẹ́ gígùn. Tó bá dalẹ́ tí kò sí NEPA, tẹ́yin wá tan áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ omi àti kẹ́tù lẹ́ẹ̀kan náà, ilé á ṣókùnkùn wìì, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹ máa ṣe é bí 2.5kW lóru, títí ẹ óò fi ra ìkejì.

Àti pé 100Ah yẹn, 5.12kWh lápapọ̀ ni. Fáànù mẹ́ta, fíríìjì, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, ká sọ pé gbogbo ẹ̀ ń fa 400 wọ́ọ̀tì, wákàtí mẹ́wàá 4kWh ti lọ. Oorun alẹ́ kan nìyẹn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ pé a ń wá ẹni tá a máa ta àṣẹ́kù fún, àṣẹ́kù wo? Ẹ ra bátìrì kejì.

BímpéÒwódé
Ẹ̀yin bọ̀dá, ṣé àwa tá a ń lo bátìrì olómi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mẹ́rin ni tèmi, 12V 220Ah, tubular.

TíṣàỌ̀yọ́
Ẹ wà níbẹ̀ mà. Mẹ́rin yẹn lórí ìwé ju tiwọn lọ, ó lé ní 10kWh, ṣùgbọ́n ìdajì péré ni kẹ́ ẹ máa lò nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, kí bátìrì má sùn mọ́jú láìkún. Ibi tí lítíọ́mù ti fi yàtọ̀ nìyẹn, òun ò kọ̀ kó má kún, tubular kọ̀ ọ́. Distilled water nìkan o, kì í ṣe omi inú ọ̀rá. Ẹ má sì fi tubular àti lítíọ́mù há ara wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ní ó ṣeé ṣe ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ.

ỌmọArówómọlé
Ọpẹ́ o. 51.2V ni wọ́n kọ sí i lára lóòótọ́, mo ti lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n kọ Time of Use sí, tí wọ́n ti ń sọ ohun tí bátìrì máa ṣe lásìkò kọ̀ọ̀kan, ńkọ́? Aago mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń yan grid charge, kí NEPA máa ṣáàjì bátìrì.

BàbáSólàTákìé
Ìyẹn dá lórí band tí IBEDC fi yín sí. Láti 2020 tí wọ́n ti pín wa, Band A wákàtí ogún lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí, B mẹ́rìndínlógún, C méjìlá, D mẹ́jọ, E mẹ́rin. Ìlérí ni mo pè é o.

Tó bá jẹ́ A lẹ wà, iná yín wọ́n, ẹ má jẹ́ kí NEPA ṣáàjì bátìrì rárá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi gbogbo grid charge sílẹ̀ láìyàn, kí oòrùn ṣe é. Ẹ jẹ́ kí bátìrì gbé ilé láti ìrọ̀lẹ́ dé 40%, lẹ́yìn ẹ̀ kí NEPA gbà á, kí 40% yẹn wà fún ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Tó bá jẹ́ D tàbí E, ìyẹn ti yàtọ̀: láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, ẹ jẹ́ kó lò ó dé 20%, kẹ́ ẹ sì yan grid charge lóru, torí ẹ ò mọ̀gbà tí wọ́n máa gbé e wá, ìgbà tí wọ́n bá sì gbé e wá ni kó yára mu tiẹ̀. Nínú oṣù keje sí ìkẹjọ tí òjò ń rọ̀ tí ìkùukùu ò kúrò lójú ọ̀run, gbogbo wa ni ká yan án, ì báà jẹ́ Band A.

Ọ̀rọ̀ fóltéèjì náà ńbẹ níbẹ̀. Iná àdúgbò wa máa ń rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́, 170V ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan. Ìnfátà tẹ́ ẹ bá fi sí sẹ́tìn òyìnbó ò ní gbà á, á ní NEPA ò sí, nígbà tí gílóòbù aládùúgbò ń tàn ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ fa ìsàlẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, 50Hz sì ni kẹ́ ẹ yàn.

ÌyáYìnyínUnderG
Ẹ sọ ti oyé fún un náà. Eruku oṣù kejìlá sí ìkejì, pánẹ́ẹ̀lì á pọ́n bí ẹní fi iyẹ̀pẹ̀ wọ́n ọn, iná á rẹlẹ̀, ẹ ó ní bátìrì ló ti gbó. Ìdájí ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, omi lásán àti aṣọ rírọ̀. Ẹ má da omi tútù sí i lọ́sàn-án tó ti gbóná, dígí ni.

AláájìBrékà
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ sì ki irin earth bọlẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ fi surge protector (tó ń gba ilé lọ́wọ́ iná àrá) sí ìhà pánẹ́ẹ̀lì àti ìhà NEPA méjèèjì, kó tó di oṣù kẹta tí àrá máa bẹ̀rẹ̀ sí sán. Àti páànù yẹn: ìjì àkọ́kọ́ ọdún níbí kì í ṣeré, ìṣó tí wọ́n fi kan irin pánẹ́ẹ̀lì mọ́ igi àjà ni kẹ́ ẹ lọ wò, kó má jẹ́ pé páànù nìkan ló kàn án mọ́.

ỌmọArówómọlé
Àbọ̀ rèé o. A ṣe ìdánwò áyọ́ọ̀nù lálẹ́ àná, -980 ló gbé jáde, Bàbá fúnra wọn ló di tọ́ọ̀ṣì mú tí mo fi yí CT padà, ó wá di 985. Selling ti kú, Zero Export to CT ló wà níbẹ̀, 60 wọ́ọ̀tì ni mo fi sí i. Yúnìtì ò gé ní ìgékúgèé mọ́ lọ́sàn-án.

Ohun kan ló kù, wáyà tó yẹ kí bátìrì fi bá ìnfátà sọ̀rọ̀, mo ki í bọ ibẹ̀, kò sí èsì, BMS fail ló ń kọ.

TíṣàỌ̀yọ́
Kì í ṣe gbogbo wáyà ọlọ́rí RJ45 (irú orí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì) ló bára dọ́gba. Ẹsẹ̀ tí bátìrì ń fi CAN jáde lè má jẹ́ ẹsẹ̀ tí ìnfátà ń fi gbà á. Wo ìwé méjèèjì níbi tí wọ́n ti to ẹsẹ̀ 1 sí 8, CAN-H lọ bá CAN-H, CAN-L lọ bá CAN-L, gé orí wáyà lápá kan kó o tún un tò. Ìyókù ẹsẹ̀ má fi kan ara wọn. Lẹ́yìn náà kó o yan orúkọ tó bá bátìrì mu nínú mẹ́nù lítíọ́mù ìnfátà, àti DIP switch (àwọn bọ́tìnnì kéékèèké) ara bátìrì, bátìrì ẹyọ kan péré lẹ ní, ìwé ẹ̀ máa sọ ibi tó yẹ kí wọ́n wà.

ỌmọArówómọlé
Ó yé mi sà. Ta ló ní ohun tí wọ́n fi ń tẹ orí RJ45 nítòsí Arówómọlé tàbí Tákìé? Kí n má tún lọ ra odindi kan torí orí wáyà ẹyọ kan.

AláájìBrékà
Ó wà lọ́wọ́ mi. Sábó ni mo wà, wá lẹ́yìn ìrun Àsàrí, kó orí RJ45 bíi márùn-ún dání torí wọ́n máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni, kó o sì ya fọ́tò ojú ewé tí wọ́n to ẹsẹ̀ sí nínú ìwé méjèèjì wá.